Búrẹ́dì Aláìlálìkámà Ń Wá Ohun Tí Yóò Dì Í Mú

Ìlà àwọn tó ń ta èlò ọbẹ̀ ní ọjà Wuse kì í ṣe ibi tí ọkàn máa ń lọ nígbà tí èèyàn bá ń wá èròjà búrẹ́dì. Àwọn tó ń ṣe kéèkì àti búrẹ́dì ní Abuja ní ṣọ́ọ̀bù tiwọn, níbi tí bọ́tà wà nínú ike ńlá, tí yíìsì wà nínú ọ̀rá, tí àwọ̀ kéèkì sì tò lọ bẹẹrẹ. Obìnrin tí mo tẹ̀ lé kọjá gbogbo ìyẹn láì wo ẹ̀yìn. Ilé rẹ̀ ní Kubwa ló ti ń ṣe búrẹ́dì tí kò ní àlìkámà nínú, àárín ẹja gbígbẹ àti ẹ̀gúsí ló sì kọrí sí.

"Ẹ má wulẹ̀ wo ibẹ̀ yẹn," ó ní. "Ọ̀dọ̀ àwọn ìyá tó ń ta èlò ọbẹ̀ ni gọ́ọ̀mù tèmi wà."

Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ po ìyẹ̀fun àlìkámà rí mọ̀ pé tí wọ́n bá pò ó pẹ́, yóò máa nà, yóò sì máa sún padà. Purotéènì kan tó ń jẹ́ gluten ló ń fa ìyẹn. Bí yíìsì bá ti ń jẹ ṣúgà inú ìyẹ̀fun, afẹ́fẹ́ ló ń tú jáde. Gluten ni yóò ká afẹ́fẹ́ náà mọ́ inú, tí búrẹ́dì fi máa wú, tí kò fi ní wó nígbà tó bá kúrò nínú iná. Gbàgùdá kò ní gluten. Ìrẹsì, àgbàdo, ọkà bàbà, jéró, àti achá, ìyẹn ọkà wínníwínní tó ń ti apá Jos wá, kò sí èyí tó ní in nínú wọn. Ẹ pò wọ́n mọ́ omi àti yíìsì, afẹ́fẹ́ yóò wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n yóò rí ọ̀nà bá lọ, ohun tí yóò sì jáde nínú ààrò yóò le, yóò pẹlẹbẹ, yóò sì ti sán lójú.

Ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ń fi dí àlàfo yẹn ni xanthan gum. Ìyẹ̀fun funfun ni. Bakitéríà kan tó ń jẹ́ Xanthomonas campestris ló ń ṣe é jáde bí wọ́n bá fi ṣúgà bọ́ ọ. Ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìjọba Amẹ́ríkà ní Peoria, ní ìpínlẹ̀ Illinois, ló ti bẹ̀rẹ̀, obìnrin onímọ̀ kẹ́mísìrì kan, Allene Jeanes, sì wà lára àwọn tó ṣíwájú iṣẹ́ náà. Ọdún 1969 ni àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i pé kó wọ inú oúnjẹ. Èkejì rẹ̀ ni guar gum, tó ń jáde lára irú ẹ̀wà kan tí àwọn àgbẹ̀ India àti Pakistan ń gbìn. Guar yìí kan náà ni àwọn tó ń fi omi fọ́ àpáta wa epo ní Amẹ́ríkà ń dà sínú kànga wọn, nígbà tó sì di 2012, wọ́n ti rà á débi pé owó rẹ̀ fò lọ sókè fíofío. Alábúrẹ́dì tó ń wá ṣíbí kan ti di ẹni tó ń bá awakùsà epo du ọjà.

Ní Abuja, xanthan wà, nínú ike kékeré, ní àwọn ilé ìtajà ńlá. Owó rẹ̀ ń tẹ̀ lé dọ́là. Àwọn kan sì wà tí ikùn wọn kì í gbà á. Afẹ́fẹ́ á kún inú wọn. Ìdí méjèèjì yìí ló gbé obìnrin alábúrẹ́dì yìí dé ìdí àwọn ìyá ọlọ́jà.

Ìyá tí a kọ́kọ́ dúró lọ́dọ̀ rẹ̀, ọmọ Ìgbò ni, abọ́ rẹ̀ sì tò yí i ká: ààpọ̀n tí àwọn tirẹ̀ ń pè ní ogbono, áchí, ófó, úkpó. Ààpọ̀n nìkan ni ọ̀pọ̀ Yorùbá mọ̀ nínú wọn. Múdù ló fi ń wọn ọjà rẹ̀, bí gbogbo ará Abuja. Ẹni tó bá bèèrè kóńgò, wọ́n á mọ̀ pé Èkó ló ti ń bọ̀. Kí alábúrẹ́dì tó la ẹnu, ìyá náà ti fi Pidgin bi í bóyá èyí tó ń fà ló fẹ́ ni, àbí èyí tó kàn ń jẹ́ kí ọbẹ̀ ki.

Lójú tèmi, ìbéèrè yẹn wúlò ju ìdajì ohun tí wọ́n ń kọ sára ike gọ́ọ̀mù lọ. Ilá ń fà, ewédú ń fà, ààpọ̀n ń fà. Ọbẹ̀ áchí kì í fà tó bẹ́ẹ̀. Ńṣe ló ń ki, tí á sì dì mọ́ ara. Àwa Yorùbá fẹ́ràn ohun tó ń fà, nítorí òkèlè tó ní ọbẹ̀ yíyọ̀ lára kì í há ní ọ̀nà ọ̀fun. Búrẹ́dì kò níṣẹ́ kankan í ṣe pẹ̀lú ìyẹn. Ohun tó ń wá ni ohun tí yóò mu omi, tí yóò di omi náà mú nígbà tí iná bá ń jó o, tí yóò sì ṣì wà ní dídì lẹ́yìn tó bá tutù. Gbogbo ẹni tó ti se ilá rí ló mọ̀ pé tó bá pẹ́ jù lórí iná, fífà rẹ̀ á lọ. Ààrò búrẹ́dì sì ń gbóná ju ìkòkò ilá lọ fíìfíì, búrẹ́dì kì í sì í tètè kúrò níbẹ̀.

Ààpọ̀n ní wàhálà tirẹ̀. Ju ìdajì rẹ̀ lọ, ọ̀rá ni. Ọ̀rá náà ló ń fún ọbẹ̀ rẹ̀ ní adùn, òun náà ló sì ń jẹ́ kí ààpọ̀n lílọ̀ tètè máa rùn tó bá pẹ́ nílẹ̀. Alábúrẹ́dì sọ pé òun ti fi ṣe búrẹ́dì rí. "Ó dì díẹ̀, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ilé ń rùn bí ẹni pé iyán ń bọ̀ lẹ́yìn." Ìyá ọlọ́jà gbọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó sì ti abọ́ áchí síwájú.

Áchí ni kóró igi Brachystegia eurycoma. Wọn kì í lọ̀ ọ́ ní tútù. Wọ́n á yan án tàbí kí wọ́n sè é kí èèpo rẹ̀ lè ṣí, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi, wọ́n á bó o, kí wọ́n tó sá a, kí wọ́n sì lọ̀ ọ́. Úkpó tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n á sè é pẹ́, kí wọ́n tó fi nǹkan líle fọ́ ọ. Ófó ń wá láti ara igi Detarium, tí àwọn Hausa ń pè ní táúrà. Ohun tó wà nínú wọn kò jìnnà sí ti guar: okùn ṣúgà gígùn tó ń mu omi, tí í wú, tó ń mú kí omi náà ki. Ohun tí India ń kó wá fún wa nínú ike, ìbátan rẹ̀ wà nínú abọ́ ìyá yìí, ó sì ti pẹ́ tó ti wà níbẹ̀. Kóró tí wọn kò tíì lọ̀ ni alábúrẹ́dì rà. Mo bi í léèrè ìdí, ó ní kí n ṣe sùúrù títí a ó fi dé ọ̀dọ̀ alọta.

Nígbà tí a yà sí ìlà àwọn Hausa, ojú ọjà yí padà. Orúnlá wà nínú àpò, èyí tí wọ́n ń pè ní kúbéwà gbígbẹ, àwọn kan wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, àwọn kan lílọ̀. Kúkà wà, ewé igi oṣè tí wọ́n lọ̀ di ìyẹ̀fun, àwọ̀ rẹ̀ bí ewéko. Ẹni tó bá ti Ìlọrin wá kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bèèrè ohun tí wọ́n ń fi ṣe. Ọbẹ̀ lúrú ni. Kárkáshí, ewé mìíràn tó ń fà, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Hàjíà tó ń tà á fi omi díẹ̀ po kúkà nínú ọwọ́ rẹ̀, ó sì nà án láàárín ìka méjì fún wa. Ó fà dáadáa. Alábúrẹ́dì kí i, ó dúpẹ́, kò rà á. Ó ní kúkà ń sọ búrẹ́dì di àwọ̀ ewé, àwọn oníbàárà òun a sì rò pé ó ti bu.

Orúnlá ni ó rà, ìwọ̀n díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún búrẹ́dì. Pańkéèkì ló ń fi í ṣe. Ó máa ń rẹ ẹ́ sínú omi tútù mọ́jú, á fi aṣọ sẹ́ ẹ, á sì fi omi yíyọ̀ náà po ìyẹ̀fun ìrẹsì. Pańkéèkì kì í pẹ́ lórí iná, ìdí nìyẹn tí ilá fi lè bá a ṣe é. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tí kò gbọdọ̀ jẹ àlìkámà nílé, èyí ni mo gbà yín nímọ̀ràn láti kọ́kọ́ dán wò, nítorí kò sí ohun tí ẹ ó rà tí kò sí nílé tẹ́lẹ̀.

Òkìtì kékeré kan wà ní igun ṣọ́ọ̀bù náà, ó ń dán bí gíláàsì: káró, ìyẹn oje igi bọn-ọn-nì, gum arabic. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó ń mú un jáde jù lọ láyé, lẹ́yìn Sudan. Láti Yobe, Borno àti Jigawa ló ti ń wá, ọ̀pọ̀ jù lọ rẹ̀ ló sì ń gba ojú omi lọ sí òkè òkun, níbi tí wọ́n ti ń fi í sínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti súwíìtì. Rubber Research Institute tó wà ní Iyanomo, nítòsí Benin, ni ìjọba gbé ìwádìí rẹ̀ lé lọ́wọ́. Orúkọ rẹ̀ lè mú kí èèyàn rò pé òun gan-an ni búrẹ́dì ń wá. Òun kọ́. Èèyàn lè yọ́ káró tó pọ̀ gan-an sínú omi, kí omi náà sì ṣì máa ṣàn. Kì í ki. Ó dára láti mú kí òróró àti omi gbé pọ̀, ṣùgbọ́n kò lè gbé búrẹ́dì dúró fúnra rẹ̀.

Èyí tó wù mí jù, n kò rí i lórí àtẹ lọ́jọ́ náà. Èèpo igi kan ni, dárgázà, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Grewia mollis. Ní apá àríwá, wọ́n máa ń fi omi yíyọ̀ rẹ̀ sínú èlò kòsáí, tó jẹ́ àkàrà tiwa, kó lè ki, kó sì di ara rẹ̀ mú. Ẹ ò rí i pé kí àwọn ará Amẹ́ríkà tó gbé gọ́ọ̀mù sínú ike, alákàrà kan ti wà nílẹ̀ yìí tó mọ̀ pé èèpo igi lè bá òun ká afẹ́fẹ́ mọ́ inú èlò. Àwọn onímọ̀ oògùn ní Yunifásítì Jos ti ṣe ìwádìí tó jinlẹ̀ lórí gọ́ọ̀mù igi yìí, nítorí kóró oògùn náà ń wá ohun tí yóò dì í mú kó má baà fọ́. Nílùú Abuja yìí pàápàá, ní Idu, níbi tí National Institute for Pharmaceutical Research and Development wà, àwọn onímọ̀ ibẹ̀ gbé ìwádìí jáde ní 2011 lórí ìyọ̀ ilá tútù, fún iṣẹ́ oògùn bákan náà. Àwọn apòògùn ti ń ka ìyọ̀ ilá sí nǹkan iyebíye. Ó kù kí àwọn alábúrẹ́dì tẹ̀ lé wọn.

Ọ̀dọ̀ alọta ni ìdáhùn tí mo ń dúró dè wà. Ẹ̀rọ ń han gooro, eruku funfun bo gbogbo ara ọmọkùnrin tó ń tì í. Ẹnì kan gbé àlìkámà wá, yóò fi ro tùwó. Ẹni tó kàn lẹ́yìn rẹ̀ gbé achá. Alọta gbá ẹnu ẹ̀rọ náà pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó da achá sí i, àwọ̀ ìyẹ̀fun tó kọ́kọ́ jáde sì fi hàn kedere pé àlìkámà ṣì wà nínú ẹ̀rọ. Kò sí ẹni tó bínú. Kí ni wọ́n fẹ́ bínú sí? Achá àti àlìkámà, oúnjẹ ni méjèèjì.

Àmọ́ fún ẹni tó ní àrùn coeliac, tí gluten máa ń ba ìfun rẹ̀ jẹ́, ìyẹn ti tó láti dá a dùbúlẹ̀. Ìlànà Codex, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń tẹ̀ lé, sọ pé oúnjẹ tí a bá pè ní aláìní-gluten kò gbọdọ̀ ní ju mílígíráàmù 20 nínú kílógíráàmù kan lọ. Ìwọ̀n tí ojú lásán kò lè rí ni. Áchí lílọ̀ inú abọ́ ọjà, ẹ̀rọ tó lọ̀ ọ́ lè ti lọ àlìkámà kó tó kàn án, ìyá tó ń tà á kò sì ní mọ̀. Nítorí náà ni alábúrẹ́dì ṣe ń ra kóró, tó sì ní ẹ̀rọ ìlọta kékeré tirẹ̀ nílé, tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi lọ nǹkan mìíràn. Gbogbo ariwo nípa gọ́ọ̀mù, mo rò pé ibi ọlọ yìí gan-an ni ìṣòro wà. Arọ́pò gọ́ọ̀mù pọ̀ lọ́jà. Ọlọ mímọ́ ló ṣọ̀wọ́n.

Nínú ọkọ̀, bí a ti ń gba ọ̀nà márosẹ̀ Kubwa kọjá Gwarinpa, mo bi í àwọn tó ń ra búrẹ́dì rẹ̀. Díẹ̀ nínú wọn, òkè òkun ni dókítà ti sọ fún wọn pé coeliac ni. Dókítà ọmọdé kan ní Netherlands, Willem Dicke, ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àlìkámà ló ń ṣe irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀. Ìyàn ìgbà òtútù 1944 sí 1945, nígbà tí búrẹ́dì wọ́n bí ojú, jẹ́ kó hàn sí i pé ara àwọn ọmọ tó ń tọ́jú ń yá nígbà tí kò sí àlìkámà. Ó kọ ọ́ jáde ní 1950. Àwọn yòókù tó ń ra búrẹ́dì yìí ńkọ́? Àwọn alátọ̀gbẹ ló pọ̀ jù. Wọ́n rò pé ohun tí kò ní gluten kò ní ṣúgà. Alábúrẹ́dì máa ń sọ òótọ́ fún wọn: gbàgùdá àti ìrẹsì lè gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè kíákíá, nígbà mìíràn ju àlìkámà lọ. Àwọn kan gbọ́, wọ́n padà. Àwọn kan ṣì ń rà á.

Ó yẹ kí á rántí pé ìjọba wa náà ti gbé ọ̀rọ̀ búrẹ́dì gbàgùdá dìde rí. Ní ayé Ọbásanjọ́, ní 2005, wọ́n ní kí àwọn ilé iṣẹ́ ìyẹ̀fun máa fi ìdá 10 nínú 100 gbàgùdá sínú ìyẹ̀fun àlìkámà. Ní ìparí 2011, nígbà tí Akínwùmí Adéṣínà jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn, wọ́n gbé búrẹ́dì oníìdá 20 síwájú Ààrẹ Jonathan níbi ìpàdé ìgbìmọ̀ aláṣẹ níbí ní Abuja. Owó dọ́là ni wọ́n ń lé, kì í ṣe àìsàn. Ìdá 80 yòókù, àlìkámà ni, òun ló sì ń dì í mú. Iṣẹ́ tó sún mọ́ ti obìnrin yìí ti wáyé ṣáájú ìyẹn, ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ṣe búrẹ́dì láti ara gbàgùdá nìkan ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, tí wọ́n sì lo ẹyin àti bọ́tà margarine. Ní 1988, Morton Satin, òṣìṣẹ́ FAO, àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ àgbáyé, ti dá ọ̀nà mìíràn: kí a mú díẹ̀ nínú ìyẹ̀fun gbàgùdá náà, kí a fi omi sè é títí yóò fi ki, kí a wá pò ó mọ́ èyí tó kù. Kò sí gọ́ọ̀mù níbẹ̀ rárá.

Alábúrẹ́dì kò tíì gbọ́ orúkọ Satin rí. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta máásà ló ti kọ́ irú ọgbọ́n yẹn. Ó ní kí awakọ̀ dúró ní ẹ̀gbẹ́ títì ní Kubwa, níbi tí obìnrin kan ti ń da èlò sínú àwo oníhò lórí iná. Máásà, ìrẹsì ni, kò ní gluten, kò ní ẹyin, síbẹ̀ ó ń wú, ihò ń wà nínú rẹ̀, kì í sì í fọ́ lọ́wọ́. Obìnrin náà sọ ohun tó ń ṣe láì fi pa mọ́: ó rẹ ìrẹsì, ó yọ díẹ̀ sọ́tọ̀, ó se ìyẹn jinná, ó da á mọ́ tútù kí wọ́n tó lọ̀ wọ́n, ó fi yíìsì sí i, ó bò ó mọ́jú. Ìrẹsì jíjinná náà ló ń ṣe iṣẹ́ gọ́ọ̀mù. A ra tiwa, a fi súyà gbígbẹ jẹ ẹ́.

Ilé ìdáná rẹ̀ ní Kubwa kò tóbi. Ààrò gáàsì kan, òṣùwọ̀n kan, kọ̀ǹkọ̀sọ̀ méjì. Ìyẹ̀fun gbàgùdá 300 gíráàmù, achá 150, ìyẹ̀fun ẹ̀wà 50. Kì í lo láfún, nítorí kíkan rẹ̀ kì í kúrò. Ó mú bí 60 gíráàmù nínú gbàgùdá náà, ó fi omi rò ó lórí iná títí ó fi dán tó sì ki, ó gbé e kalẹ̀ kó lọ́ wọ́ọ́wọ́. Áchí tó fúnra rẹ̀ lọ̀, tó sì fi kọ̀ǹkọ̀sọ̀ kù, wọ̀ ọ́ ní gíráàmù 10. Ohun kan tó ń ti òkè òkun wá ló tún kù: psyllium, èèpo kóró Plantago ovata, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń ti Gujarat ní India wá. Àwọn ilé egbòogi ní Abuja ń tà á fún àwọn tí ìgbọ̀nsẹ̀ wọn le, ṣùgbọ́n ti inú ilé egbòogi sábà máa ń ní adùn ọsàn nínú, nítorí náà, kó wò ó dáadáa ni ẹni tó bá fẹ́ fi ṣe búrẹ́dì. Ó lo gíráàmù 20. Xanthan kì bá ti ju gíráàmù 5 lọ.

Kò pò ó bí èèyàn ṣe ń po àlìkámà. Kò sí gluten tí yóò jí, nítorí náà kò sí ìdí láti máa lù ú. Ṣíbí igi ló fi rò ó. Ó rọ̀ ju èlò búrẹ́dì lọ, ó sì ki ju èlò àkàrà lọ. Ó dúró kí áchí àti psyllium mu omi tán kó tó dà á sínú páànù, ó ní àwọn tó ń kánjú níbi yìí ni búrẹ́dì wọn máa ń ní pìtì ní ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn tó wú tó sì jinná, kò jẹ́ kí n gé e. Tí wọ́n bá gé e ní gbígbóná, inú rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ, nítorí ohun tó ń dì í mú kò tíì dì tán. Nígbà tó tutù, ó gé e. Kò wú tó búrẹ́dì Àgége, kò sì rọ̀ tó o. Inú rẹ̀ ní ihò kéékèèké tó dọ́gba, èèpo rẹ̀ le, òórùn achá yíyan hàn níbẹ̀, mo sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ìka, ó dìde padà.

Ó fẹ́ yọ psyllium kúrò pátápátá, kó fi áchí àti gbàgùdá rírò nìkan ṣe é. Ó ti ṣe é, ó sì ń wú. Ohun tó ń dí i lọ́wọ́ ni pé ní ọjọ́ kejì búrẹ́dì náà á ti le, psyllium ló ń bá a fi omi pa mọ́ fún àkókò díẹ̀ sí i. Ó lè gé e kó kó o sínú fìrísà, àmọ́ iná kò dúró ní àdúgbò rẹ̀. Fún ìdí yìí, ẹni tó bá fẹ́ èyí tí kò ní psyllium gbọ́dọ̀ sọ lọ́jọ́ tó ṣáájú, kó sì wá gbé e kí oòrùn tó wọ̀.